Ọ̀rá Oògùn Inú Àpò Mi

Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní bàyọ́lọ́jì ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Adó-Èkìtì, ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo sì wà tí n kì í wo ìwé kí n tó kọ́. Òun ni ẹ̀kọ́ nípa bí ara ṣe ń bá kòkòrò àrùn jà. Màá ya róbótó ńlá kan sójú pátákó, màá ní sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ nìyí, ọmọ ogun ara ni. Màá fi ṣọ́ọ̀kì pupa to àwọn kòkòrò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Màá wá ya ẹnu fún ọmọ ogun náà, á gbé kòkòrò mì, á lọ̀ ọ́ kúnná, ó parí. Àwọn ọmọ á rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ràn ẹ̀kọ́ yẹn nítorí pé àwa la máa ń borí níbẹ̀.

Ní gbogbo àsìkò tí mò ń ya ọmọ ogun yẹn, ọwọ́ mi yìí kan náà ni mo fi ń tú àwọn ọmọ ogun ìyá mi ká. Mi ò mọ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ mi ni kí n mọ̀, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà ò fi kúrò lọ́kàn mi títí dòní.

Tíṣà ni ìyá mi náà. Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló ti fẹ̀yìntì, ó sì ń dá gbé nínú ilé tí bàbá mi kọ́ sí Ìjàn-Èkìtì kó tó kú. Obìnrin gíga ni, ẹnu rẹ̀ mú, kò sì fi èdè Èkìtì sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, ì báà jẹ́ gómìnà. Ohun méjì ló fẹ́ràn jù láyé: kí wọ́n máa pè é ní ìyá tíṣà, àti kó kúnlẹ̀ níwájú pẹpẹ gba ara Olúwa. Èkejì yìí ló di ìṣòro. Orúnkún rẹ̀ méjèèjì ń wú, wọ́n ń ro ó, bí òjò bá sì ti ṣú báyìí, kò ní lè dìde lórí àga. Àlùfáà ní kó máa gba ara Olúwa lórí ìdúró, pé Ọlọ́run ò ní bínú. Ìyá mi ní àlùfáà kọ́ ló máa kọ́ òun bí òun á ṣe kí Ọlọ́run òun.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan tí mo wá sí Ìjàn, ó kúnlẹ̀ lóòótọ́, kò sì lè dìde mọ́. Obìnrin méjì ló gbé e lábíyá, gbogbo ìjọ ń wò. Ọ̀kan nínú wọn ni ọ̀rẹ́ rẹ̀, opó kan tí wọ́n jọ máa ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà, tí orúnkún tirẹ̀ náà kò sàn ju ti ìyá mi lọ. Nígbà tí a délé, ìyá mi bọ́ gèlè rẹ̀, ó jókòó, ó sunkún. Mi ò tíì rí i kó sunkún láti ìgbà tí a ti sin bàbá mi.

Kẹ́míìsì kan wà ní àdúgbò Adébáyọ̀ l'Ádó, kò jìnnà sí oríta, tí àwa tíṣà àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba máa ń yà sí tí a bá ti jáde níbi iṣẹ́. Òṣogbo ni ọkùnrin tó ni ín ti wá, onísùúrù èèyàn ni, kì í kanra mọ́ oníbàárà. Ẹ kò ní dárúkọ oògùn fún un. Ibi tó ń dùn yín lẹ máa sọ, òun á wá máa ṣí ike kan lẹ́yìn òmíràn, á ṣà wọ́n jọ sínú ọ̀rá kéékèèké: funfun méjì, pupa kan, oníyẹ́lò kan, àti búlúù kan báyìí tí kò tó hóró ẹ̀wà. Ọ̀rá kan fún àárọ̀, ọ̀rá kan fún alẹ́. Bí gbogbo wa ṣe ń ra oògùn nìyẹn. Mo ní orúnkún màmá mi ni. Ó ní kò léwu, sà. Èmi tí mò ń gba máàkì lọ́wọ́ ọmọ tó bá ṣi orúkọ ẹ̀yà ara ọ̀pọ̀lọ́ kọ, mi ò béèrè orúkọ ohun tí mò ń lọ fi sẹ́nu ìyá mi.

Kò pé ọjọ́ mẹ́ta tí ìyá mi fi pè mí lórí fóònù. Ó ní òun ti fẹsẹ̀ rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, òun sì ti rìn padà, òun ò sì sinmi lọ́nà. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ó kúnlẹ̀, ó dìde fúnra rẹ̀, ó yíjú sí ìjọ bí ẹni tó ṣẹ́gun. Nígbà tí wọ́n ní kí ẹni tó bá ní ẹ̀rí dìde, ó fà mí lọ́wọ́ dìde pẹ̀lú ara rẹ̀.

"Ọmọ mi yìí tó ń kọ́ni ní bàyọ́lọ́jì l'Ádó," ó ní, "òun ló wò mí sàn."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo tẹríba bí ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n yin òun, inú mi sì ń dùn. Lóde ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní, "Ìwọ nìkan kúkú lo bímọ n'Íjàn." Ìyá mi rẹ́rìn-ín, ó gbá a léjìká. "Fọkàn balẹ̀," ó ní, "n ó bù fún ọ."

Mo ń gbé ọ̀rá oògùn lọ sí Ìjàn lóṣooṣù bí ẹni tó ń san ìdámẹ́wàá. Nígbà tó di bí oṣù mẹ́fà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá mi yọ, ó rí róbótó, ó ń dán. Ẹ mọ̀ bó ṣe rí lọ́dọ̀ wa. Bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ òbí bá yọ, ọmọ ni wọ́n máa ń kí. Gbogbo ẹni tó bá rí mi ní Ìjàn ló ń sọ pé ojú ìyá mi ti yọ, pé ọmọ á tọ́jú èmi náà. Mo ń ṣe àmín. Mo rí i pé ojú àti ikùn nìkan ló ń sanra, pé ẹsẹ̀ àti apá rẹ̀ ń tẹ́ẹ́rẹ́ sí i, pé bí nǹkan bá họ ọ́ báyìí, ara rẹ̀ á bó. Mo rí gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú ojú mi méjèèjì. Oyin ìyìn ni wọ́n ń tọ́ sí mi lẹ́nu, mi ò fẹ́ tu ú dànù.

Ìgbà ọyẹ́ ni ikọ́ bẹ̀rẹ̀. A ní ọyẹ́ ni. Ọyẹ́ lọ, ikọ́ ò lọ. Lẹ́yìn náà, ara rẹ̀ á máa gbóná lọ́sàn-án, bó bá sùn, òógùn á rin aṣọ rẹ̀ bí ẹni tó bọ́ sódò. A ní ibà ni. A lo oògùn ibà, ó dà bí ẹni pé ó lọ, ó tún padà. A ní táífọ́ọ̀dù ni nígbà náà, torí pé ní Adó, ohun tí kì í bá ṣe ibà, táífọ́ọ̀dù ni. Ó ń rù. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ nìkan ló ṣẹ́ kù sójú rẹ̀. Ó ní oúnjẹ ò wu òun, ọ̀rá oògùn mi nìkan ló ń gbé òun dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo fi kún un. Ọ̀rá méjì lójúmọ́ di mẹ́ta.

Lọ́jọ́ tó wúkọ́ tí ẹ̀jẹ̀ bá a jáde, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló pè mí. Mo fi kíláàsì sílẹ̀, mo wakọ̀ lọ sí Ìjàn, mo gbé e wá sí ọsibítù ní Adó. Kí a tó kúrò nílé, ó ní kí n mú báàgì òun, mo sì rí ọ̀rá oògùn mọ́kànlá nínú rẹ̀. Mo kó wọn sápò ṣòkòtò mi. Mi ò lè sọ pé mo ti mọ nǹkan kan nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ nǹkan kan kì í fi nǹkan pamọ́.

Obìnrin ni dókítà tó gbà wá, ọ̀dọ́ ni, ọjọ́ orí rẹ̀ kò ju ti àwọn tí mo ti kọ́ lọ. Ó fi nǹkan bo imú rẹ̀, ó gbọ́ àyà ìyá mi, ó ní kí wọ́n lọ ya fọ́tò àyà, kí wọ́n sì gba kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ fún àyẹ̀wò. Ó wá kọjú sí mi.

"Sà, àwọn oògùn wo ni màmá ń lò nílé?"

"Ti ẹ̀jẹ̀ ríru," mo ní, "àti èyí tó ń fúnni lẹ́jẹ̀."

"Kò sí òmíràn?"

"Kò sí."

Ìyá mi ń wò mí láti orí bẹ́ẹ̀dì. Ó pa ẹnu rẹ̀ mọ́. Bí tíṣà méjì ṣe jọ parọ́ nìyẹn, èmi pẹ̀lú ẹnu, òun pẹ̀lú ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Ọ̀rá oògùn sì ń ró nínú àpò mi bí mo ti ń jókòó.

Ìgbéraga ni, mi ò ní pè é ní orúkọ mìíràn. Ojú ń tì mí pé kí ọmọdé yẹn gbọ́ pé olùkọ́ bàyọ́lọ́jì ń ra oògùn tí kò mọ orúkọ rẹ̀.

Èsì jáde lọ́jọ́ kejì: ikọ́ ife ni. Dókítà béèrè bóyá ẹnikẹ́ni nínú ilé wa ti ní in rí. Ìgbà yẹn ni mo rántí ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Mo ṣì kéré nígbà tí wọ́n gbé e wá sílé wa, ó ń wúkọ́ nínú yàrá ẹ̀yìn. Wọ́n ní kí àwa ọmọdé má dé ibẹ̀. Kọ́ọ̀pù tánganran kan wà tí ó jẹ́ tirẹ̀ nìkan, wọ́n máa ń dojú rẹ̀ dé sórí ògiri ẹ̀yìnkùlé. Ìyá mi nìkan ló ń wọlé tọ̀ ọ́, òun ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń gbé omi sí i lẹ́nu títí ó fi kú. Láti ìgbà náà, ìyá mi ò wúkọ́ rí kọjá ti ọ̀fìnkìn.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ oògùn ikọ́ ife fún un. Èmi náà ṣe ìpinnu tèmi: mo ní kò ní lo ti inú ọ̀rá mọ́. Mo rò pé ohun tí mo ń ṣe dára. Mo tilẹ̀ rò pé mo ti tún un ṣe, pé kò sẹ́ni tó máa mọ̀.

Lọ́jọ́ kẹta, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Omi tí kò tó ṣíbí kan kì í dúró nínú rẹ̀. Nígbà tí oòrùn fi máa dé àárín ọ̀run, kò lè gbé orí mọ́. Nọ́ọ̀sì wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó tún un wọ̀n, ó sáré jáde. Mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń lọ sílẹ̀, pé omi tí wọ́n fà sí i lára kò gbé e sókè, pé oògùn tó bẹ̀rẹ̀ kò yẹ kó ṣe é báyìí. Ọwọ́ rẹ̀ tutù. Mo pè é, kò mọ̀ mí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti kú ló ń bá sọ̀rọ̀, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé, "Mu díẹ̀ sí i, mu díẹ̀ kún un," ó sì ń gbé ọwọ́ òfìfo sókè bí ẹni tó di kọ́ọ̀pù mú.

Mo bọ́ sí ẹ̀yìn wọ́ọ̀dù níbi ẹ̀rọ omi, mo gbàdúrà. Mo ní kí Ọlọ́run wò ó sàn láìjẹ́ pé mo sọ nǹkan kan. Àdúrà olè ni. Mo gbà á tán, mo dúró síbẹ̀, kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀, àfi omi tó ń kán láti ẹnu ẹ̀rọ. Ìbẹ̀rù tó mú mi lọ́jọ́ náà, mi ò mọ bí màá ṣe sọ ọ́. Bí mo bá sọ̀rọ̀, èmi ni mo pa á. Bí mi ò bá sọ̀rọ̀, á kú, èmi náà ni mo pa á. Adìyẹ bà lókùn ni ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n ìyá mi ni okùn.

Dókítà ló wá bá mi níbẹ̀. Ó ti bọ́ nǹkan tó fi bo imú, mo sì rí i pé ẹ̀rù ń bà á náà.

"Sà, mo bẹ̀ yín. Ẹ rántí dáadáa. Ǹjẹ́ oògùn kan wà tí wọ́n ti ń lò tipẹ́, tó jẹ́ pé ìsinsìnyí ni wọ́n dá a dúró?"

Mo ti ọwọ́ bọ àpò. Mo kó ọ̀rá mọ́kànlá jáde, mo nà án sí i. Ó tú ọ̀kan, ó fi ìka ya èyí búlúù kékeré yẹn sọ́tọ̀, ó wò ó. Mo ń retí kó bú mi. Kò bú mi, kò tilẹ̀ wo ojú mi. Ó sáré. Obìnrin tó wọ bàtà onígìgísẹ̀ gíga sáré la àgbàlá ọsibítù kọjá, èmi náà ń sáré tẹ̀ lé e, mo ń sunkún bí ọmọ ọwọ́.

Oògùn irú èyí búlúù yẹn náà ni wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbóná, ó sì la ojú rẹ̀, ó bi mí bóyá mo ti jẹun.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, dókítà jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì, ó ṣàlàyé. Èmi tí mo ti di arúgbó sẹ́nu ẹ̀kọ́ yẹn, mo gbọ́ ọ bí ọmọ kíláàsì kìíní. Ó ní ọmọ ogun ara máa ń gbé kòkòrò ikọ́ ife mì lóòótọ́, bí mo ṣe ń yà á. Ibi tí mo máa ń parí rẹ̀ sí ni tirẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Kòkòrò yẹn kì í jẹ́ kí ọmọ ogun lọ òun. Ó ní ọgbọ́n tó fi ń dí ibi tí oró tí ọmọ ogun fi ń pa kòkòrò á gbà wọlé bá a, á jókòó sínú ikùn ẹni tó gbé e mì, á máa jẹ, á máa bí. Kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló ń gbé. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun yòókù bá rí i pé wọn ò lè pa á, wọ́n á pagbo yí i ká, wọ́n á fi ara wọn mọ odi, wọ́n á sé e mọ́ ibẹ̀. Kò kú, kò sì lè jáde. Ó lè wà bẹ́ẹ̀ títí ẹni náà á fi dàgbà darúgbó, tí kò ní mọ̀ pé òun ń ṣọ́ ẹlẹ́wọ̀n láyà.

"Bóyá láti ara ẹ̀gbọ́n wọn ni," ó ní. "Ara màmá ti ń ṣọ́ ọ láti ìgbà náà. Wọ́n ṣọ́ ọ dáadáa, sà."

Mo béèrè ohun tí oògùn búlúù ṣe. Ó ní sìtẹ́rọ́ọ̀dì ni. Orúnkún tó ń wú, tó ń ro, ariwo ìjà àwọn ọmọ ogun ara fúnra wọn ni. Oògùn náà ń sọ fún wọn pé kí wọ́n lọ sùn. Wọ́n sùn, orúnkún dákẹ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ti orúnkún nìkan ló sùn, àwọn tó ń ṣọ́ odi nínú ẹ̀dọ̀fóró náà sùn. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Èmi ni mo la ògiri lẹ́nu. Ó ní ara máa ń ṣe irú oògùn yẹn díẹ̀díẹ̀ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n bí a bá ń fún un láti ìta fún oṣù púpọ̀, á gbàgbé iṣẹ́ náà. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé, nígbà tí mo dá a dúró lójijì tí mo sì dákẹ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ. Ó ní a ó máa dín in kù wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ni.

Mo gbé ìyá mi wá sílé mi ní Adó. Oògùn oṣù mẹ́fà ni ti ikọ́ ife, mo sì ń dúró níwájú rẹ̀ láràárọ̀ títí yóò fi gbé e mì. Ó yá díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sọ̀, ojú rẹ̀ padà sí ti tẹ́lẹ̀. Orúnkún rẹ̀ náà padà sí ti tẹ́lẹ̀. Àárọ̀ kan, ó gbé oògùn mì tán, ó ní, "Èyí tó o kọ́kọ́ rà fún mi nì, òun loògùn. Ìgbà wo lo máa tún rà á?"

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Kò dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu.

"Mo rí ọ níjọ́ tó o ń purọ́ fún dókítà," ó ní. "Mo mọ̀ pé nǹkan wà ńbẹ̀. Ta ló tún gbọ́?"

"Dókítà nìkan, mà."

"Jẹ́ ó parí síbẹ̀. Mo ti dìde níwájú ìjọ, mo ní ìwọ lo wò mí sàn. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni n'Íjàn fi ẹnu kan orúkọ ọmọ mi. Ukọ́ ni mo ní, mo gbádùn, ó tán."

Mo gbà. Ó yẹ kó yà mí lẹ́nu bó ṣe rọrùn fún mi tó láti gbà.

Ọ̀sẹ̀ kejì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá kí i láti Ìjàn, ó gbé iṣu dání àti ìrẹsì Ìgbẹ́mọ nínú àpò kékeré. Èmi ni mo ṣílẹ̀kùn. Mo wò ó lójú. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ yọ, ó rí róbótó, ó ń dán. Ó wọlé, kò fara ti nǹkan kan, ó kúnlẹ̀ lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì ìyá mi, ó sì dìde.

"O rí mi?" ó ní. "Bí ọmọdé ni mo ṣe ń kúnlẹ̀ báyìí. Nígbà tí èyí tó o bù fún mi tán, èmi náà wá kẹ́míìsì yẹn lọ l'Ádébáyọ̀. Ọlọ́run á bá mi san án fún ọmọ ẹ."

Ìyá mi wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó wá wò mí, ó mi orí fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Mo mọ ohun tó ń sọ.

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú obìnrin náà. Ó rò pé mò ń dúpẹ́ iṣu ni, ó bẹ̀rẹ̀ sí í súre fún mi, pé màá pẹ́, pé àwọn ọmọ mi á tọ́jú mi bí mo ṣe tọ́jú ìyá mi. Mi ò lè ṣe àmín. Mo jẹ́ kó súre tán.

"Mà," mo ní láti ilẹ̀, "ẹ má dá oògùn yẹn dúró lónìí o, ẹ má dá a dúró fúnra yín rárá. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká jọ lọ sọ́dọ̀ dókítà nísinsìnyí. Oògùn yẹn ló dá màmá mi dùbúlẹ̀. Èmi ni mo rà á fún wọn."

Obìnrin náà gbé ọwọ́ sókè, ó fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ọ̀kan, lẹ́yìn náà èkejì. Ó yíjú sí ìyá mi.

"Ṣé òótọ́ ni?"

Ìyá mi ń wò mí níbi tí mo dọ̀bálẹ̀ sí, ojú rẹ̀ kún fún omi.

"Kò sí urọ́ níbẹ̀," ó sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Tẹ̀ lé e, jẹ́ ó gbé ọ lọ."